Gáàsì Amúlétutù Ọkọ̀ Kì í Tán Lásán

Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá ọkọ̀ tí ó ti gbó dúró ní Challenge, tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ sì ń fẹ́ ooru, wọn a ní, “Gáàsì ti tán.” Ẹ má tètè gbà. Bí ó bá ń tutù nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, ẹ kọ́kọ́ yẹ fáànù wò, kí ẹ sì fọ eruku ọyẹ́ kúrò lára àwọ̀n irin iwájú ọkọ̀ tí ń tú ooru gáàsì dànù.

Bí gáàsì bá dín kù lóòótọ́, ó ń jò ni. Kì í ṣe epo tí ẹ́ńjìnnì ń jó, yíyí ni ó ń yí po nínú páìpù. Ẹni tí ó ń rọ òmíràn sí i láìdí ojú ihò, apẹ̀rẹ̀ ni ó fi ń pọn omi.