Ara, Ẹ̀mí àti Orí: Ohun tí Ifá Wí àti Ohun tí Àwọn Àgbà Júù Fi Kọ́ Ọmọ Wọn

  

Ní àdúgbò wa ní Command yìí, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí kò ṣe é kà tán, ohùn ìwàásù sì máa ń bá ènìyàn lórí ibùsùn láti ìdájí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọmọ awo máa ń gbọ́ níbẹ̀, tí wọ́n sì máa ń gbé wá bi wá: wọ́n ní èérí ni ara, ẹ̀mí nìkan ni ó níyì lójú Ọlọ́run, inú Bíbélì ni a sì ti rí i bẹ́ẹ̀. Àwọn Júù ni wọ́n ni apá kìíní ìwé náà. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ wo ohun tí àwọn àgbà Júù fúnra wọn wí nípa ara àti ẹ̀mí, kí a sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí Ifá kọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ọbàtálá ni ó fi amọ̀ mọ ènìyàn, ojú, imú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Bí ó ti wù kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára tó, kò lè mí títí Olódùmarè fi fún un ní èémí. Lẹ́yìn èyí ni ènìyàn lọ sí ilé Àjàlá Alámọ̀ láti yan orí. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta náà: Oríṣèékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Àjàlá jẹ gbèsè, ó sì sá pamọ́ sí orí àjà. Àwọn méjì àkọ́kọ́ fi ọwọ́ ara wọn yan orí tí ó wu ojú, àṣé iná kò jó o dáadáa. Òjò pa wọ́n lójú ọ̀nà ayé, orí wọn sì ń wọ́ dànù. Afùwàpẹ́ san gbèsè Àjàlá, Àjàlá sì bá a yan orí tí ó jinná. Ẹ kíyè sí i pé amọ̀ ni ara, amọ̀ náà sì ni orí tí ó ru kádàrá. A kò fi ọ̀kan ṣe ẹrẹ̀ kí a fi èkejì ṣe wúrà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkàn: èyí tí ń lù kìkì nínú àyà ni à ń pè bẹ́ẹ̀, èyí tí a fi ń ronú náà ni.

Ìwé Jẹ́nẹ́sísì sọ pé erùpẹ̀ ilẹ̀ ni Ọlọ́run fi mọ ènìyàn, tí ó sì mí èémí ìyè sí ihò imú rẹ̀. Orúkọ Ádámù pàápàá bá ọ̀rọ̀ tí àwọn Júù fi ń pe ilẹ̀, adamah, tan. Orúkọ mẹ́ta ni wọ́n máa ń pe ohun tí ó wà nínú ènìyàn: nefesh, ruach àti neshamah, méjì nínú wọn sì bá afẹ́fẹ́ àti mímí tan tààrà. Àwọn àgbà wọn ṣàkíyèsí pé nínú ẹsẹ náà, a kọ lẹ́tà kan ní ẹ̀ẹ̀mejì nínú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ‘mọ’, níbi tí ẹyọ kan ì bá ti tó. Wọ́n ní ìfẹ́-ọkàn méjì tí a dá mọ́ ènìyàn ni, ọ̀kan sí rere, ọ̀kan sí ibi. Ṣùgbọ́n wọ́n tún fi kún un pé bí kò bá sí èkejì yìí, ẹnikẹ́ni kì bá kọ́ ilé, kì bá fẹ́ ìyàwó, kì bá bímọ, kì bá ṣòwò. Àwọn ọlọ́jà wa yóò rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá gbọ́ èyí, nítorí wọ́n mọ̀ pé òótọ́ ni.

Níbo wá ni pé ara jẹ́ ẹ̀wọ̀n ti wá? Plato, ọ̀mọ̀ràn ilẹ̀ Gíríìkì, ni ó kọ irú rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí àwọn ọmọ wa ń gbọ́ lórí gbohùngbohùn jọ ti Plato ju ti Mósè lọ.

Ìtàn kan wà nínú Talmud tí ó wù wá púpọ̀. Ọba Róòmù kan, Antoninus, sọ fún Rábì Júdà, ẹni tí ó to Mishnah jọ ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Jésù, pé ara àti ẹ̀mí lè bọ́ lọ́wọ́ ìdájọ́. Ara yóò ní: láti ìgbà tí ẹ̀mí ti lọ, mo kàn sùn sílẹ̀ bí òkúta. Ẹ̀mí yóò ní: láti ìgbà tí mo ti kúrò lára, mo kàn ń fò bí ẹyẹ ni. Rábì fi òwe dá a lóhùn. Ọba kan fi arọ àti afọ́jú ṣọ́ ọgbà èso ọ̀pọ̀tọ́ rẹ̀. Arọ rí èso, kò lè rìn. Afọ́jú lè rìn, kò rí i. Arọ gun èjìká afọ́jú, wọ́n sì jẹ èso ọba tán. Nígbà tí ọba dé, oníkálukú ṣe àwáwí. Ọba gbé arọ ka èjìká afọ́jú, ó sì dá ẹjọ́ wọn pọ̀.

Awo tí ó bá gbọ́ èyí yóò rántí Orí àti Ẹsẹ̀. Gbogbo orí péjọ, wọ́n gbìmọ̀ ohun rere, wọn kò sì pe Ẹsẹ̀ sí i. Ìmọ̀ràn wọn kò lè ṣẹ, nítorí kò sí ẹni tí yóò gbé e rìn. Àwọn Júù fi tiwọn kọ́ni nípa ìdájọ́, àwa fi tiwa kọ́ni nípa ìpín àti iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìdè kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Lórí ìpín gan-an ni ẹnu yóò ti yà yín. Àwọn àgbà Júù ní áńgẹ́lì kan, Láílà, ni ó ń gbé àtọ̀ tí yóò di ọmọ lọ síwájú Ọlọ́run, tí ó sì ń béèrè bóyá alágbára ni tàbí aláìlágbára, ọlọ́gbọ́n tàbí òmùgọ̀, olówó tàbí tálákà. Kò béèrè bóyá olódodo ni tàbí ìkà; ọwọ́ ènìyàn fúnra rẹ̀ ni ìyẹn wà. Wọ́n tún ní a máa ń kọ́ ọmọ ní gbogbo Tórà nínú oyún, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ jáde sáyé, áńgẹ́lì yóò gbá a lẹ́nu, yóò sì gbàgbé. Àwa náà sọ pé ẹni tí ó kúnlẹ̀ yàn, tí ó kọjá lọ́dọ̀ Oníbodè, dé ayé tán, ojú wá kán an. Nítorí ìgbàgbé yìí ni a ṣe ń dá àkọsẹ̀jayé fún ọmọ tuntun. Ọwọ́ àkọsẹ̀jayé kò tẹ ìwà: Ifá lè sọ ọ̀nà ọmọ fún wa, kò ní bá a hù ú.

Hillel, àgbà Júù tí ó gbáyé kí a tó wó tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù, ń lọ wẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó sì sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni òun ń lọ ṣe. Ó ní bí ẹni tí ń nu ère ọba bá ń gba owó-oṣù àti ọlá, mélòó mélòó ni ẹni tí a dá ní àwòrán Ọlọ́run. Títí di òní, Júù tí ó ń tẹ̀lé ẹ̀sìn rẹ̀ a máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run bí ó bá ti ilé ìgbẹ́ bọ̀, pé àwọn ihò ara òun ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá rí ẹni tí ìrísí rẹ̀ yàtọ̀, àdúrà wà fún un tí ó fi ń yin Ẹni tí ó dá ẹ̀dá ní oríṣiríṣi. Àwa ní tiwa ń pe afín, abuké, arọ àti aràrá ní ẹni òrìṣà, nítorí Ọbàtálá ni ó fọwọ́ ara rẹ̀ mọ wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá, àwa babaláwo. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń kan ilẹ̀kùn awo lónìí, wọ́n ń wá owó òjijì, wọ́n sì ń dárúkọ ẹ̀yà ara ènìyàn bí ẹni ń dárúkọ èlò ọbẹ̀. Afín ni wọ́n máa ń fojú sí jù. Wọ́n rò pé ẹran lásán ni ara, pé bí ẹ̀mí bá ti jáde, ohun tí ó kù di ọjà. Bí ara bá jẹ́ èérí lóòótọ́, a kò ní ohun tí a ó fi dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ Ọbàtálá ni, òkú pàápàá a máa wẹ̀ kí ó tó wọ ilẹ̀. Àwọn Júù a wẹ tiwọn, wọn a fi aṣọ funfun kan náà sin olówó àti tálákà, wọn a sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òkú bí ọwọ́ wọn bá ṣì í nígbà ìwẹ̀.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni nínú wa tí irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ bá wá bá kò gbọdọ̀ gba ìbò lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó lé e jáde, kí ó sì fi tó àwọn àgbà ẹgbẹ́ àti ọlọ́pàá létí lọ́jọ́ náà gan-an, ìbá à ṣe ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni ó kan ilẹ̀kùn.