Òdòdó Pọ̀, Èso Kò Tó

Ní Òfin, ní Ṣágámù, ẹni tó gbin ìbẹ́pẹ sẹ́yìnkùlé kì í fojú rere wo akọ rẹ̀. Á yọ òdòdó, òdòdó á gùn, á máa fì dirodiro, kò sì ní so. Bó bá pẹ́ títí, àdá ló máa parí ọ̀rọ̀ náà.

Igi kan wà ní erékùṣù St. John, nínú òkun Kàríbíà, tí ọ̀ràn rẹ̀ fara pẹ́ èyí. Marrón bacora ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Solanum conocarpum lorúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ewéko. Mọ̀lẹ́bí ikàn, tòmátì, ata rodo àti òdú ni. Òdú kì í ṣe àìmọ̀ olóko, ṣùgbọ́n èyí ṣòro mọ̀ fún olóko àti ọ̀mọ̀wé. Kò ní ẹ̀gún, ó lè ga ju èèyàn lọ, òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò, èso rẹ̀ sì máa ń pọ́n bí ìyeyè.

Ọwọ́ àwọn ará Dẹ́ńmáàkì ni erékùṣù náà wà kí Amẹ́ríkà tó rà á ní 1917. Ìrèké ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà ló sì ń ro oko náà. Oko ìrèké yìí ló kọ́kọ́ jẹ igbó tí igi náà ń hù sí run.

Ní 1787, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Louis-Claude Richard, já ẹ̀ka igi yìí tọ́jú. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di àwátì fún nǹkan bí igba ọdún. Ọdún 1992 ni wọ́n tó tún fojú kàn án.

Bí wọ́n ṣe rí i tán, àdììtú mìíràn dé. Igi ń tanná, èso kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í sábà rí èhù rẹ̀ nínú igbó. Ní 2015, onímọ̀ ewéko Gregory Anderson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tú u: igi akọ wà, igi abo wà, àmọ́ òdòdó méjèèjì jọra débi pé ó ṣòro láti fojú lásán yà wọ́n. Akọ kò lè so. Abo ní lẹ́búlẹ́bú tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò wúlò; àfi kí kòkòrò gbé ti akọ wá bá a. Èwo wá ni ti igi tó dá dúró lórí òkè, tí akẹgbẹ́ rẹ̀ kò sí nítòsí?

Ewu mìíràn tún wà: ewúrẹ́, àgbọ̀nrín àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń jẹ ewéko níbẹ̀, ọ̀dá ń dá, ilé sì ń gba ilẹ̀ igbó. Ọdún 1996 ni wọ́n ti bẹ ìjọba Amẹ́ríkà pé kí ó fi igi náà sábẹ́ òfin ààbò. Ọdún 2022 ló tó gbà. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún ẹ̀bẹ̀ ti tó gbé ìyàwó.

Ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín báyìí gbọ́dọ̀ ní akọ àti abo nítòsí ara wọn. Ti ìbẹ́pẹ, òdòdó ti sọ èyí tó jẹ́ akọ. Ti marrón bacora, àfi kó dúró de èso.