Omi Abẹ́ Ilẹ̀ àti Ìṣòro Àbójútó Rẹ̀ ní Ilẹ̀ Yorùbá

Omi abẹ́ ilẹ̀ kì í ṣe odò tí ó ń ṣàn nínú ihò, gẹ́gẹ́ bí àwọn mìíràn ti lérò. Omi òjò ni, èyí tí ó rin wọ inú ilẹ̀, tí ó sì kún àwọn àlàfo kéékèèké tí ó wà láàrin yanrìn tàbí ibi tí àpáta ti sán. Nítorí náà, irú ilẹ̀ tí ìlú kan tẹ̀dó sí ni ó ń sọ bí omi rẹ̀ yóò ti rí.

Orí àpáta líle àtayébáyé ni Ìbàdàn àti Àkúrẹ́ wà. Àpáta yìí fúnra rẹ̀ kì í gba omi sínú. Ibi tí ó ti jẹrà di erùpẹ̀ àti ibi tí ó ti sán nìkan ni omi ń gbé. Ìdí nìyí tí kànga méjì fi lè wà nínú agbolé kan náà, tí ọ̀kan yóò gbẹ ní ẹ̀ẹ̀rùn, tí èkejì kò sì ní gbẹ. Ní Èkó ẹ̀wẹ̀, yanrìn àti amọ̀ ni ó tò lé ara wọn ní ìpele ìpele. Omi pọ̀ nínú yanrìn náà, ṣùgbọ́n òkun kò jìnnà sí i.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé ojú kò rí omi yìí. Bí odò bá fà, tọmọdé tàgbà ni yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí okùn kànga kò bá tó mọ́ ni aráalé tó mọ̀ pé omi abẹ́ ilẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ìṣòro kejì ni pé omi kò mọ ààlà ilẹ̀. Ẹni tí ó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ lè máa fa omi kànga aládùúgbò rẹ̀ láìmọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìdọ̀tí ṣáláńgá aládùúgbò náà lè gba ojú àpáta tí ó sán wọ inú kànga tirẹ̀. Ní etí òkun, bí fífà bá pọ̀ ju bí òjò ti ń dá omi padà lọ, omi iyọ̀ ni yóò wọlé rọ́pò rẹ̀, lílé e jáde a sì máa gba ọ̀pọ̀ ọdún.

Òfin pàápàá kò tíì yanjú ọ̀ràn yìí. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1993 lórí omi fi àṣẹ lórí omi abẹ́ ilẹ̀ tí ó bá kan ìpínlẹ̀ tí ó ju ẹyọ kan lọ sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀. Òfin kan náà gba ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ láyè láti lo omi abẹ́ rẹ̀ fún ìlò ilé láìsan owó. Àyè yìí tọ́, nítorí pé ibi tí omi ẹ̀rọ ìjọba kò bá dé, kànga ni àwọn ènìyàn gbójú lé. Ṣùgbọ́n ilé kọ̀ọ̀kan ni àyè náà wò; àpapọ̀ ohun tí gbogbo ilé ń fà ni ó ń sọ omi di ọ̀wọ́n.

Nítorí náà, àbójútó tí ó nítumọ̀ kò lè bẹ̀rẹ̀ láti orí ìfòfindè. Orí àkọsílẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀: ibi tí kànga ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wà, bí ó ti jìn tó, àti ibi tí omi rẹ̀ ń dúró sí ní ìgbà òjò àti ní ẹ̀ẹ̀rùn. Láìsí èyí, kò sí ẹni tí ó lè sọ iye omi tí ilẹ̀ kan lè fún àwọn ará ibẹ̀ láìgbẹ.