Wákàtí mélòó lẹ lò lórí fóònù lánàá?

Láti 2024 tí àyẹ̀wò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n ṣe ti sọ pé kò sí ẹ̀rí pé fóònù ń fa jẹjẹrẹ ọpọlọ, àwọn kan ń bínú: ṣebí wọ́n ti dẹ́rù bà wá tẹ́lẹ̀? Òótọ́ ni. Ní oṣù karùn-ún 2011, IARC, ẹ̀ka àjọ náà tó ń rí sí jẹjẹrẹ, to ìtànṣán fóònù mọ́ àwọn ohun tó ṣeé ṣe kó fà á. Ìrántí ọmọ ènìyàn ló da ọ̀rọ̀ náà rú.

Ìwádìí Interphone, tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 13, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2010, wà lára ohun tí IARC gùn lé. Wọ́n jókòó ti àwọn tó ní àrùn náà àti àwọn tí kò ní, wọ́n ń bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń pe ìpè láti ọdún gbọọrọ sẹ́yìn. Ẹ̀yin náà, ìpè mélòó lẹ gbà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá? Àwọn kan dáhùn pé àwọn ń fi ju wákàtí 12 sọ̀rọ̀ lójúmọ́. Ìgbà wo ni wọ́n ń jẹun?

Wọ́n fi ìdáhùn àwọn kan wé àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ fóònù. Ẹni tí kì í pè púpọ̀ ń bù tirẹ̀ kù, ẹni tó ń pè gan-an ń bù kún un. Ìyẹn ṣì kéré. Aláìsàn a máa wá ohun tó ṣe é. Ẹni tí dókítà sọ fún pé kókó wà ní apá ọ̀tún orí rẹ̀ ti dùbúlẹ̀ ro ó títí, títí ó fi dá a lójú pé etí ọ̀tún lòun máa ń gbé fóònù sí. Kò purọ́ o. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ le kò ní ìdí kankan láti ro irú rẹ̀.

Abájọ tí èsì náà fi rí rádaràda: ewu jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní glioma fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i lára àwọn tó ní àwọn ti lo wákàtí 1,640 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ lápapọ̀, ó dà bíi pé fóònù ń dáàbò bo ọpọlọ!

COSMOS, tó bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù ní 2007, gba ọ̀nà mìíràn: ó kọ́kọ́ kó àwọn tí ara wọn le jọ, ó fi àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ fóònù tún ohun tí wọ́n fẹnu sọ ṣe, ó sì ń ṣọ́ wọn. Èsì rẹ̀ ní 2024 kò rí ewu lára àwọn tó ń pè jù.

Ó jọ lójú mi pé ìwádìí tó ní fóònù ń ba ọkàn àwọn ọ̀dọ́ jẹ́ náà ní irú àìsàn ìrántí tó bá Interphone jà. Ní 2021, nígbà tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìwádìí tó fi ohun tí ènìyàn sọ pé òun lò wé ohun tí ẹ̀rọ kà jọ, ìdáhùn tó súnmọ́ òótọ́ kò tó ọ̀kan nínú mẹ́wàá. N kò sọ pé fóònù kò lè ṣe wọ́n ní ibi. Ìwọ̀n tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n ni mi ò fọkàn tán.

Ẹ kọ iye wákàtí tí ẹ rò pé ẹ lò lánàá sílẹ̀ ná, kí ẹ tó ṣí ibi tí fóònù yín ti ń kà á.