Tìmùtìmù Ọmọ Ọwọ́: Rírọ̀ Kọ́ Ni Ààbò

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ laṣọ. Ìdí nìyí tí a fi ń wá ohun tó rọ̀ jù lọ fún ọmọ tuntun. Ẹni tó bá lọ ra fóòmù bẹ́ẹ̀dì ọmọ ní Ọjà Tìmì, ní Ẹdẹ, lè fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kí ó sì mú èyí tí ọwọ́ rẹ̀ rì sínú rẹ̀. Èyí gan-an ló yẹ kí ó fi sílẹ̀.

Kí ló dé? Orí ọmọ ọwọ́ wúwo, ọrùn rẹ̀ kò sì tíì gbó. Bí ó bá dojú bolẹ̀ lórí fóòmù rírọ̀, imú rẹ̀ yóò rì, èémí tó ti mí jáde ni yóò sì tún máa fà sínú. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá kú mọ́jú, a ó ní àbíkú ni, tàbí kí á máa fura sí orogún. Àwọn oníṣègùn kò tíì mọ gbogbo ohun tó ń fa ikú òjijì ọmọ ọwọ́, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tó ń dín in kù. Ní 1991 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kéde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí ọmọ máa fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní 1994. Láàárín ọdún mẹ́wàá, irú ikú yìí dín tó bí ìdajì.

Ohun mẹ́rin ni kí á kíyè sí. Èkíní, kí fóòmù le, kí ó tẹ́jú, kí ó sì padà sípò bí a bá gbọ́wọ́ kúrò. Èyí tí ẹ̀gbọ́n ọmọ ti sùn títí tó fi jin kòtò kò dára. Èkejì, kí á wọn bẹ́ẹ̀dì tí káfíńtà kàn kí wọ́n tó gé fóòmù. Bí ìka méjì bá wọ àlàfo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àlàfo náà ti pọ̀ jù. Orí ọmọ lè há síbẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí á bọ́ náílọ́ọ̀nù tí fóòmù bá wá, bí ó tilẹ̀ ń gba ìtọ̀ dúró, nítorí ó lè bo ọmọ nímú. Ràbà tó nípọn, tí a fà le dáadáa, ló yẹ. Ẹ̀kẹrin, kò gbọdọ̀ sí ìrọ̀rí tàbí aṣọ ìbora níbẹ̀.

Ẹni tí kò lágbára bẹ́ẹ̀dì ọmọ ńkọ́? Ìlànà kan náà ni: ibi líle, títẹ́jú, tí kò sí ìrọ̀rí, nítòsí ìyá. Ẹní tí a ń fojú tẹ́ńbẹ́lú sún mọ́ ọn ju fóòmù rírọ̀ lọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa, bí ẹ bá ń lọ síbi ìkómọ, ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí dání. Ó sàn kí á gba ìyá ọmọ nímọ̀ràn lónìí ju kí á bá a dárò lọ́la.