Kòkòrò Inú Imú àti Iṣẹ́ Abẹ

Bí ẹnìkan nínú wa bá yáwó ẹgbẹ́ láti fi ṣe iṣẹ́ abẹ, àdúrà wa ni pé kí ojú abẹ tètè jinná. Bí ó bá kẹ̀, tí ó ń ṣọyún, owó oògùn á lé sí i, ìsọ̀ á wà ní títì, bẹ́ẹ̀ gbèsè kì í ṣàìsàn.

Àwọn àgbà ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Staphylococcus aureus. Nínú èèyàn 10, ó wà nínú imú bíi 3. Kì í dunni, ẹni tó gbé e kì í mọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ a máa gbé e láti imú dé ara. Bí abẹ bá ti la awọ, ó rọ́nà wọlé nìyẹn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kápá rẹ̀? Wọ́n á fi òwú nu inú imú, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá rí i, aláìsàn á máa fi ìpara mupirocin sí ihò imú méjèèjì lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ 5, á sì máa fi ọṣẹ apakòkòrò wẹ̀. Wọ́n dán an wò ní ilẹ̀ Họ́láǹdì, àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2010. Nínú 504 tó gbé kòkòrò náà tí wọ́n tọ́jú báyìí ní ọsibítù, 17 ló bá jà. Nínú 413 tí wọ́n fún ní ìpara àti ọṣẹ lásán, 32 ni. Ní 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i, pàápàá fún ẹni tó gbé kòkòrò náà tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn, àyà tàbí eegun.

Kì í ṣe pé kí a sáré lọ ra ìpara fúnra wa o! Bí a bá ń lò ó nílòkulò, kòkòrò á mọ́ ọn lára, kò ní ràn án mọ́.

Bí iṣẹ́ abẹ bá kàn yín, ìbáà ṣe l'Éjìgbò, l'Óṣogbo, l'Ógbòmọ̀ṣọ́ tàbí l'Ábídjan:

1. Ẹ bi dókítà bóyá iṣẹ́ abẹ yín gba kí wọ́n yẹ imú wò.
2. Ẹ fọṣẹ wẹ̀ dáadáa kí ẹ tó lọ.
3. Ẹ má fi réésà fá irun ibẹ̀ nílé.
4. Ẹ má kọwọ́ bọmú, kí ẹ wá fi kan ojú abẹ.

Ìbéèrè kò gbowó. Egbò tó kẹ̀ ló ń gbowó.