ṢỌ́JÀ TÍ Ó DI Ọ̀JỌ̀GBỌ́N

Ẹni tí ó bá wọ ọjà Èjìgbò kò ní pẹ́ kí ó tó gbọ́ èdè Faransé. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: ó ṣòro kí a tó rí agboolé kan lọ́dọ̀ wa tí kò ní ọmọ tàbí àbúrò ní Àbíjáǹ. Nítorí náà, nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Ivory Coast ní September 2002, àti nígbà tí ìjà ìbò tún dá ilẹ̀ náà rú láti ìparí 2010 títí di April 2011, tí ó sì pa nǹkan bí 3,000 ènìyàn, ọ̀pọ̀ ará wa ni ó fi ilé àti ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ tí wọ́n sá wálé. Àwọn wọ̀nyí mọ̀ dájú pé ọ̀rọ̀ ààbò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọba nìkan. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọmọ ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọkùnrin kan tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ wádìí ọ̀rọ̀ náà. Michael Howard ni orúkọ rẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni a ti bí i ní 1922. Yunifásítì Oxford ni ó wà nígbà tí ogun Hítílà ń jà lọ́wọ́, ó sì wọ iṣẹ́ ológun ní 1942. Ní 1943, wọ́n gúnlẹ̀ sí Salerno ní ilẹ̀ Ítálì. Kò tíì pé ọmọ ọdún 21 nígbà tí ó ṣáájú àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kọlu àwọn ará Jámánì lórí òkè kan níbẹ̀, tí ìjọba fi fún un ní àmì ẹ̀yẹ Military Cross. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó fara gbọgbẹ́ kí ogun náà tó parí.

Nígbà tí ó dé, ìwé ni ó padà sí. Ní 1947 ó di olùkọ́ ìtàn ní King's College ní Lọ́ńdọ̀nù. Láyé ìgbà náà, bí a bá ní a ń kọ́ni nípa ogun, bí a ti ń to ọmọ ogun àti bí a ti ń ṣẹ́gun ni a sábà ń sọ. Howard ní ìyẹn kò tó. Ó ní ẹni tí yóò mọ ogun gbọ́dọ̀ mọ ìlú tí ń jà á: ta ni ń san owó rẹ̀, ta ni ń fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún un, kí ni ó sọ aládùúgbò di ọ̀tá? Ní 1958 ó wà lára àwọn tí ó dá Institute for Strategic Studies sílẹ̀. Òun náà ni ó dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ogun sílẹ̀ ní King's, ó sì di Ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀ ní 1963. Lẹ́yìn náà ó kọ́ni ní Oxford, ó sì kọ́ni ní Yale ní Amẹ́ríkà. Captain Professor ni ó pe ìwé ìtàn ara rẹ̀ tí ó jáde ní 2006, ó so oyè ológun pọ̀ mọ́ oyè ilé ìwé. Ó kú ní 2019, ní ọmọ ọdún 97.

Bóyá ẹ ó wí pé, kí ni èyí kàn wá ní Èjìgbò? Ó kàn wá. Ní ẹ̀ka tí Howard dá sílẹ̀ yìí ni 'Funmi Olonisakin, ọmọ Yorùbá tí ó kàwé ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa níhìn-ín, ti gba oyè dókítà. Iṣẹ́ tí àwọn ọmọ ogun ECOMOG ṣe ní Liberia wà lára ohun tí ó wádìí. Ó ṣiṣẹ́ fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé tí ogun ká mọ́, ó sì di Ọ̀jọ̀gbọ́n ní King's fúnra rẹ̀.

Àwọn ṣọ́jà tiwa náà kò gbẹ́yìn. Nígbà tí Sani Abacha gba ìjọba ní November 1993, Ọ̀gágun Ìṣọ̀lá Williams fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀, nítorí kò fara mọ́ ìgbàjọba náà. Kò jókòó sílé ka owó ìfẹ̀yìntì. Ó kọjú sí ìwádìí lórí ààbò àti àlàáfíà Áfíríkà ní ẹgbẹ́ PANAFSTRAG, ó sì ń bá ìwà rìbá jà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí àwọn bàbá wa àgbà tí wọ́n lọ sí Bọ́má. Ogun Hítílà kan náà tí Howard jà ni àwọn náà jà. Nígbà tí Howard dé, a gbé àga olùkọ́ fún un. Nígbà tí àwọn tiwa dé, a ní kí wọ́n padà sí oko. Mélòó nínú wa ni ó jókòó tì wọ́n bi wọ́n pé, "Bàbá, kí ni ẹ rí?" Ọ̀pọ̀ wọn ti gbé ìmọ̀ náà wọ ibojì.

Kí a má tún ṣe irú rẹ̀ mọ́. Bí ọmọ yín bá ní ṣọ́jà ni òun yóò ṣe, ẹ má jẹ́ kí ó sọ ìwé nù. Nigerian Defence Academy ní Kàdúná, tí a dá sílẹ̀ ní 1964, ti ń fúnni ní oyè yunifásítì láti 1985. Bí ṣọ́jà tí ó ti fẹ̀yìntì bá wà ní àdúgbò yín, ẹ má fi í sílẹ̀ fún iṣẹ́ ṣíṣọ́ géètì nìkan. Nígbà tí ìjà bá fẹ́ bẹ́ láàárín àgbẹ̀ àti darandaran, tàbí lórí ààlà ilẹ̀, ẹ pè é sí ìpàdé ìlú, kí ó bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó bi wọ́n ní ìbéèrè Howard: ire oko ta ni ó bàjẹ́? Ta ni ó gbẹ́jọ́ tí kò dá a bí ó ti tọ́? Ta ni yóò jèrè bí a bá jà? Ẹni tí ó ti gbọ́ ìró ìbọn rí kì í yára pe ogun.

Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ẹni tí ó ti débẹ̀ rí ni ó lè sọ fún wa. Tiwa ni kí a bi í léèrè nígbà tí ó ṣì wà láàyè.